Èsì wa fún oníbàárà tó ní òkú kọ̀ǹpútà la tà fún òun

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n wa. A rí ìràwọ̀ kan tí ẹ fún wa, a sì ka ọ̀rọ̀ yín tán. Ẹ ní bí ẹ ṣe tan kọ̀ǹpútà tí a fi ránṣẹ́ sí yín ní Ìbàdàn, fáànù ń yí, àmọ́ ojú mónítọ̀ dúdú, “No signal” ló kọ síbẹ̀, ẹ̀rọ sì ń ké píì-píì láìdákẹ́. Ẹ ní òkú la tà fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Àmọ́ òkú kì í ké, sà. Igbe yẹn ló fi ń sọ ibi tó ń dùn ún. Lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà bí irú eléyìí, tó bá ké píì kúkúrú lẹ́ẹ̀kan, àlàáfíà ni. Tó bá ń ké ṣáá, RAM, ìyẹn pátákó ìrántí inú kọ̀ǹpútà, la máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí ọkọ̀ ṣe ń gbọn ẹrù láti Èkó dé Ìbàdàn. RAM ti lè yẹ̀ díẹ̀ nínú ihò rẹ̀.

Ẹ yọ wáyà iná kúrò pátápátá, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ tú kéèsì, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ fọwọ́ kan irin rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó dúró tira wọn, RAM nìyẹn. Ẹ ti ọwọ́ kékeré tó dì wọ́n mú síta, wọ́n á yọ. Ẹ fi irésà nu ẹnu wọn tó ń dán bíi wúrà, kí ẹ fẹ́ èérí irésà dànù. Ẹ dá ẹyọ kan padà, kí ibi tí wọ́n gé sínú lára rẹ̀ bá ti ihò mu, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún “kẹ́ẹ̀” lápá méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rù àtitẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ti “No signal”, ẹ̀bi tiwa wà níbẹ̀. Nínú fọ́tò tí ẹ gbé síbí, ihò òkè lẹ́yìn kọ̀ǹpútà lẹ ki wáyà mónítọ̀ bọ̀. A ti fi káàdì àwòrán, tó ń gbé àwòrán lọ sí mónítọ̀, sínú ẹ̀rọ yẹn, ihò ìsàlẹ̀ ló yẹ kó wà. Ó yẹ ká lẹ ìwé mọ́ ọn, a ò lẹ̀ ẹ́.

Oníṣẹ́ àdúgbò tí ẹ ní ó fẹ́ tú páwà, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnnì pupa ẹ̀yìn páwà náà, fólìtì 230 la fi sí. Tó bá fà á sí 115, tí ẹ wá ki i bọ iná NEPA, ìró kan péré lẹ máa gbọ́, ìgbà yẹn ló máa wá kú lóòótọ́.

Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára rìsíìtì kí ẹ tó tú kéèsì, a ó máa wò ó pẹ̀lú yín lórí fídíò. Tí kọ̀ǹpútà náà kò bá sì ṣiṣẹ́ síbẹ̀, ẹ dá a padà. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, àwa la máa san án.