Eyín tí kò dunni ló yẹ ká gbé lọ fún dókítà

Èrò ọkàn mi rèé, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Láti Sábó títí dé Ìjẹ̀dé, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín: ìrora ló ń lé wa débẹ̀. Eyín á máa ta èèyàn lóru, a ó fi omi iyọ̀ gbígbóná yọ ẹnu, a ó gbé ògógóró sẹ́nu, a ó ra kápúsù aláwọ̀ méjì lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀ la ó tó lọ ní kí wọ́n bá wa fà á dànù. Àmọ́ ẹ sọ fún ẹni kan náà pé kó lọ jókòó kí wọ́n bá a fọ eyín tí kò dùn ún, ẹ̀rín ni yóò fi yín rín. "Ṣé mi ò mọ ẹnu fọ̀ ni?" Ẹlòmíì á ní àwọn ará Lẹ́kí ló ń ṣe yẹn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Eyín tí kò dunni gan-an ló yẹ ká gbé lọ, nítorí àrùn tó ń ká eyín àgbàlagbà kúrò lẹ́nu kì í sábà dunni títí yóò fi pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ eyín funfun báláú kọ́ ni mò ń sọ. Bí a bá fọ ẹnu tán, kò ní ju wákàtí díẹ̀ lọ tí awọ fẹ́lẹ́ kan á tún ti máa lẹ̀ mọ́ ara eyín. Ohun tó wà nínú itọ́ àti àwọn kòkòrò àìfojúrí ló para pọ̀ dì í. Ẹ fi èékánná ha ìdí eyín yín láàárọ̀ kí ẹ tó fọ ẹnu. Nǹkan funfun tó rọ̀ tó bá èékánná jáde, òun náà nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tó ṣì rọ̀, búrọ́ọ̀ṣì á gbá a lọ. Ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kò bá kàn, kálísíọ́ọ̀mù àti fọ́sífétì inú itọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì sínú rẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, nígbà tó bá sì fi tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti le gbagidi bí èépá tó máa ń dì mọ́ inú kẹ́túlù. Èépá yìí ni wọ́n ń pè ní táátà lọ́dọ̀ dókítà. Ìgbà tó bá ti le báyẹn, kò sí búrọ́ọ̀ṣì, kò sí pákò, kò sí ọṣẹ ìfọnu tó lè yọ ọ́ mọ́, bó ti wù kí a fi agbára ha á tó. Irin ọwọ́ dókítà eyín ló ń yọ ọ́, òun sì ni fífọ eyín tí mò ń sọ.

Ó sì níbi tó fẹ́ràn. Ẹ fi ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín iwájú ti ìsàlẹ̀, lápá ìdí rẹ̀. Bí ó bá ṣe págunpàgun, tí ẹ kò mọ ibi tí eyín kan parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, èépá ti mọ odi síbẹ̀. Ihò tí itọ́ ń gbà jáde lábẹ́ ahọ́n ló kọjú sí ibẹ̀ gan-an. Ibi kejì ni ara eyín ńlá òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí ihò itọ́ mìíràn wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ṣe lè ní in. Kì í ṣe pé onítọ̀hún jẹ́ ọ̀bùn.

Mi ò bá pákò jà o. Orín ata ń ṣiṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò. Kìkì pé ojú eyín iwájú la sábà máa ń fi í gbo. Ẹ̀yìn eyín àti àárín eyín méjì, kò dé bẹ̀. Èyí tí mo bá jà ni èédú lílọ̀, eérú, yanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ní ó ń mú eyín funfun. Èédú ń ha ara eyín bí ìgbà tí káfíńtà ń fi sáńpépà họ pákó. Ti ọsàn wẹ́wẹ́ tún burú jù. pH ni wọ́n fi ń wọn kíkan, bó bá ṣe kéré tó ni kíkan ṣe pọ̀ tó. Bí pH inú ẹnu bá ti wálẹ̀ kọjá 5.5, awọ líle tó bo eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́; omi ọsàn wẹ́wẹ́ sì wà láàárín 2 sí 3. Eyín á kọ́kọ́ mọ́, ẹ ó máa yọ̀. Tó bá yá, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà nísàlẹ̀ á yọ síta, omi tútù á sì máa ta á wọnú. Awọ líle tó bá ti lọ kì í hù padà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí èépá. Ara rẹ̀ kì í dán, nítorí náà kòkòrò tuntun ń rí ibi dì mú lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, lẹ́bàá erìgì, ìyẹn ẹran tó yí ìdí eyín ká. Erìgì á pọ́n, á wú, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde bí a bá ń fọ ẹnu. Ibí yìí la ti ń ṣìṣe jù. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ á ní búrọ́ọ̀ṣì ló ṣe òun léṣe, á fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀, kòkòrò á sì tún pọ̀ sí i. Ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an ló yẹ kí búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ máa kàn. Ní ìpele yìí, gbogbo rẹ̀ ṣì lè padà sí bó ṣe wà.

Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, erìgì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára eyín, àpò kékeré á sì là síbẹ̀. Erìgì tó dá ṣáṣá, àpò rẹ̀ kì í ju mìlímítà 1 sí 3 lọ. Bó bá ti di 4 sókè, búrọ́ọ̀ṣì kò débẹ̀ mọ́, èépá á sì máa dì sí ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Egungun tó gbé eyín dúró á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ dànù díẹ̀díẹ̀. Egungun yẹn kì í fúnra rẹ̀ hù padà. Ìgbà tí eyín bá wá ń mì, tí ẹnu ń rùn, tí eyín iwájú ń là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni ń kó ẹrù lọ, ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ náà ti ń lọ láìsí ìrora. Ẹni tó ń mu sìgá tiẹ̀ lè má rí ẹ̀jẹ̀ rárá, torí sìgá ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ erìgì pọ̀. Àìṣẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ kò túmọ̀ sí àlàáfíà.

Àwọn kan wà tí mi ò rò pé ó yẹ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí dọ́la. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ni mo fi ṣíwájú: ṣúgà tó ga ń mú erìgì bàjẹ́ kíákíá, erìgì tó bàjẹ́ náà sì ń jẹ́ kí ṣúgà ṣòro láti wá sílẹ̀. Aláboyún tẹ̀ lé e, erìgì rẹ̀ rọrùn láti wú nítorí ìyípadà inú ara. A lè fọ eyín fún aláboyún láìséwu, àárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ló sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù láti jókòó. Ẹ̀kẹta ni àwọn bàbá àti ìyá wa tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Amlodipine àti nifedipine lè mú kí erìgì hù sókè títí yóò fi fẹ́ bo eyín, pàápàá níbi tí ìdọ̀tí bá ti wà. Ẹ má torí èyí dá oògùn dúró o! Ẹ lọ fọ eyín, kí ẹ sì sọ orúkọ oògùn náà fún dókítà eyín. Òun àti dókítà tó kọ ọ́ ló mọ bí wọ́n á ṣe pààrọ̀ rẹ̀ bó bá pọn dandan.

Lórí àga, ìbéèrè ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi nǹkan pamọ́ fún wọn, pàápàá oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, tàbí bí wọ́n bá ti pààrọ̀ fáàfù ọkàn yín rí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n sàmì mìlímítà sí lára wo bí àpò erìgì ṣe jìn tó. Bí wọ́n bá fẹ́ wọn gbogbo rẹ̀, ibi mẹ́ta níta àti mẹ́ta nínú ni fún eyín kọ̀ọ̀kan; ẹni tí eyín rẹ̀ pé 32, ibi 192 nìyẹn. Wíwọn ibi díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì wọn ìyókù bí wọ́n bá rí ibi tó jìn. Bí ẹnikẹ́ni bá tan ẹ̀rọ láìwọn nǹkan kan rárá, ẹ béèrè ìdí.

Ẹ̀rọ náà ní ẹnu irin tín-ín-rín tó ń gbọ̀n ní ohun tó ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbígbọ̀n yẹn ló ń fọ́ èépá dànù. Kì í gé eyín. Omi ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ooru má bàa dé inú eyín, páìpù kan á sì máa fa omi náà kúrò. Ibi tí ẹ̀rọ kò bá ráàyè wọ̀, irin ọlọ́wọ́ ni wọ́n á fi yọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni pólíṣì: ife rọ́bà kékeré tó ń yí bírí, pẹ̀lú ọṣẹ tó ní yanrìn kúnná, òun ló ń yọ àwọ̀ obì, tíì àti tábà. Gbogbo rẹ̀ ń gbà tó ìṣẹ́jú 30 sí 60. Bí àpò bá jìn, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn: wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tí ibẹ̀ á fi kú tipiri, wọ́n á fọ gbòǹgbò eyín lábẹ́ erìgì, ó sì lè gbà tó ìjókòó méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú fífọ lásán, nítorí náà ẹ béèrè èwo ni wọ́n fẹ́ ṣe kí ẹ tó sanwó káàdì tán.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ṣáá, pé eyín kò mì tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́. Bí ògiri bá là tí koríko hù dí ojú ibẹ̀, ẹni tó fa koríko náà tu kọ́ ló la ògiri. Egungun ti jẹ tán lábẹ́, èépá ló so àwọn eyín náà pọ̀ bí sìmẹ́ńtì. Àlàfo tí ẹ rí lẹ́yìn fífọ̀ jẹ́ àyè tí èépá ti gbà, àti àyè tí wíwú erìgì fi sílẹ̀ nígbà tó lọ sílẹ̀. Bí omi tútù ṣe ń ta eyín fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ohun kan náà ni: gbòǹgbò tí èépá bò tẹ́lẹ̀ ti rí afẹ́fẹ́. Ọṣẹ ìfọnu tó ní potassium nitrate á rọ̀ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún? Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni gbogbo èèyàn máa ń sọ, mi ò sì rò pé òfin ni. Ní 2018, àwọn Cochrane, ìyẹn àwọn onímọ̀ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, ṣàgbéyẹ̀wò ìwádìí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára àwọn àgbàlagbà tí erìgì wọn kò tíì bàjẹ́ gan-an, tí wọ́n sì ń lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín déédéé. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, àwọn tí wọ́n fọ eyín fún lóṣù mẹ́fà mẹ́fà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tí wọn kò fọ̀ fún. Àwọn kan ti fi èyí sọ pé kò wúlò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí dókítà ti ń wo ẹnu rẹ̀ láti kékeré kọ́ ni ẹni ọdún 45 ní Ìta Ẹlẹ́wà tí irin kò kan èépá rẹ̀ rí láyé. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ta oṣù mẹ́fà mẹ́fà fún ẹni tí àpò erìgì rẹ̀ kò ju 2 lọ. Ìlànà NICE, àjọ tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà fi àyẹ̀wò àgbàlagbà sáàárín oṣù 3 sí oṣù 24, gẹ́gẹ́ bí ewu tó wà lẹ́nu oníkálukú. Ẹni tí kò ṣe é rí, kó lọ báyìí. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń mu sìgá, tàbí tí àpò rẹ̀ ti jìn, oṣù mẹ́ta mẹ́ta kò pọ̀ jù.

Ọ̀dọ̀ ta la ó lọ? Dókítà eyín tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN, ìyẹn àjọ tó ń fún àwọn dókítà Nàìjíríà níwèé àṣẹ, tàbí tẹ́rápíìsì eyín tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ọsibítù ìjọba tó wà nílùú. LUTH, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, ń ṣe é dáadáa, àmọ́ ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 láàárọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Bó bá jẹ́ ti aládàáni, ẹ wò ó bóyá ìwé HEFAMAA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó àwọn ilé ìwòsàn, wà lára ògiri. Ṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge tó ń fọ eyín mọ́ èékánná, ẹ sá fún un. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn ń fi ha eyín ara rẹ̀ níwájú dígí, ń ya erìgì, ó sì ń fi èépá tó wà lábẹ́ sílẹ̀.

Kí wọ́n já ọ̀rá tí irin wà nínú rẹ̀ lójú yín. Inú ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi pa kòkòrò ló yẹ kí irin náà ti jáde, ní ìwọ̀n 134°C fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 3, tàbí 121°C fún ìṣẹ́jú 15. Rírẹ irin sínú Jik nìkan kò tó. Àrùn mẹ́dọ̀wú B ń gba inú ẹ̀jẹ̀ tó kéré gan-an kọjá.

Bí ẹ bá dé ilé, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ lò, ẹ dá a dùbúlẹ̀ díẹ̀ sí ìdí erìgì, ìṣẹ́jú méjì láàárọ̀, méjì kí ẹ tó sùn. Ẹ tutọ́, ẹ má fi omi púpọ̀ ṣan fúlóráìdì inú ọṣẹ dànù. Àárín eyín, okùn eyín ni. Igi ìgbálẹ̀ ń gún erìgì. Omi ìfọnu tó ní chlorhexidine, oògùn apakòkòrò, kì í ṣe ti ojoojúmọ́, bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á kun eyín ní àwọ̀ ilẹ̀. Kí ẹ sì tó dìde lórí àga dókítà, ẹ ní kó bá yín kọ nọ́ńbà àpò tó jìn jù sẹ́yìn káàdì yín, àti eyín tí àpò náà wà lára rẹ̀, kí ẹ lè fi í wé ti ìgbà tó ń bọ̀.