Ọkọ̀ wo ló kẹ́yìn ọkọ̀ òkú?

Ìtanràn tuntun tí àwọn aláṣẹ ìrìnnà fi lélẹ̀ fún awakọ̀ tó bá ya wọ àárín ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó ń sin òkú kò burú. Ẹni tí ìkánjú kò jẹ́ kó bọ̀wọ̀ fún ọlọ́fọ̀ọ̀, ẹ jẹ́ kó fi owó kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n a ti wí i lójú ewé yìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, pé kí a tó sọ̀rọ̀ ìyà, ó yẹ kí ẹni tó dúró ní ìkóríta mọ ọkọ̀ tó kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ 20 bá ń rìn ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan, tí oníkálukú fi ìṣẹ́jú àáyá 2 sílẹ̀ lẹ́yìn ẹni iwájú, wọn yóò gùn tó bíi 420 mítà, wọn yóò sì lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 50 kí gbogbo wọn tó kọjá. Iná ìkóríta tó ń darí ọkọ̀ kò ní í dúró dè wọ́n. Ní Florida, bí ọkọ̀ aṣáájú bá ti wọ ìkóríta nígbà tí iná gbà á láyè, àwọn tó kù lè tẹ̀ lé e bí iná tilẹ̀ di pupa, kí wọ́n ṣáà la ojú sílẹ̀, kí wọ́n sì yà fún panápaná àti ọkọ̀ aláìsàn. Ní Bìrìtéènì, òfin kò fún wọn ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Iná pupa ń dá ọkọ̀ òkú pàápàá dúró. Èwo ni àwọn aláṣẹ wa mú? Wọn ò mú ìkankan.

Àwọn aláṣẹ ní kí àwọn ọkọ̀ tó ń sin òkú tan iná iwájú. Iná iwájú kẹ̀! Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ló ń tan tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Wọ́n tún ní kí wọ́n tan hásáàdì. Gílóòbù tí hásáàdì ń lò náà ni tráfíkétọ̀ ń lò. Bí tọ̀tún tòsì bá ti ń ṣẹ́jú, ẹni ẹ̀yìn kò ní í mọ̀ pé ẹni iwájú fẹ́ yà, àfi ìgbà tó bá gbá a nídìí.

Àsíá kékeré tó ní mágínẹ́ẹ̀tì nídìí ni kí wọ́n lẹ̀ mọ́ òrùlé: ọ̀kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, méjì fún ọkọ̀ ìkẹyìn. Ẹni tó bá ti rí méjì, ó di kó máa lọ. Kí ló le níbẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá?

Àwọn ọlọ́kọ̀ náà ní tiwọn. Bí aṣáájú bá ń sáré lẹ́yìn ìkóríta, ọkọ̀ ìkẹyìn á di eléré àsápajúdé. Kó rọra títí ìrù yóò fi kọjá. Kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan sì gba àdírẹ́sì ibi ìsìnkú lórí ìwé kí wọ́n tó gbéra, torí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ kò ní í já iná láti lé ẹnikẹ́ni bá. (Ẹ̀yin tí ẹ sì ń yọ́ wọ àárín wọn láti fi ọgbọ́n kọjá iná pupa, hásáàdì tí ẹ tàn kò sọ yín di ẹbí òkú.)

Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, kò sí ìlà kan nípa ọkọ̀ ìkẹyìn nínú òfin náà. Awakọ̀ tó fi sùúrù ka ọkọ̀ mẹ́jọ, tó rí i pé ọ̀nà dá, tó gbéra, tí ẹ̀kẹsàn-án wá yọ, ṣé òun náà lẹ fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀?