Ṣé òótọ́ ni pé bí èèyàn bá ṣe rìn tó ló ṣe máa mọ ara rẹ̀ tó?

Bí ọ̀dọ́ kan bá ní òun kò tíì mọ irú ẹni tóun jẹ́, ìmọ̀ràn tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún un lóde òní ni pé kó lọ rìnrìnàjò. Lórí Instagram, ẹni tó bá ti dé Dubai, Zanzibar àti Kigali láàárín ọdún kan ti di ọlọ́gbọ́n. Ẹni tí kò kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí, ará oko ni. A tún ní òwe tí a fi ń gbè é lẹ́sẹ̀: ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Òwe náà kò purọ́, àmọ́ oko ló ń wọ̀n. Kò sọ pé ọmọ náà mọ ara rẹ̀ sí i bó ṣe ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn.

Ní 2018, Hajo Adam àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde, èèyàn 1,874 ló kópa nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn tó ti gbé ilẹ̀ òkèèrè máa ń mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ ju àwọn tí kò gbé ibẹ̀ rí lọ. Títí débi yìí, ẹ lè pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n iye orílẹ̀-èdè tí èèyàn dé kọ́ ló ṣe é. Bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá pẹ́ láàárín àwọn tí ìṣe wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀ ló máa ń bi ara rẹ̀ pé: ṣé èmi gan-an ni mo gba èyí gbọ́, àbí torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa?

Ẹ wo àwọn àgùnbánirọ̀ wa. Láti 1973 ni ìjọba ti ń kó àwọn ọmọ tó jáde yunifásítì lọ sìn fún ọdún kan níbi tí kì í ṣe tiwọn. Ká ní wọ́n gbé ọmọ Ìbàdàn méjì lọ sí ìpínlẹ̀ Benue. Ọ̀kan kó sílé tó kún fún àwọn Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò bá a gbé èlùbọ́ bọ̀ láti ilé, ó ń ka oṣù. Èkejì gba yàrá lágboolé àwọn Tiv. Ó jí láàárọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá onílé, bàbá sì bi í pé kí ló ń wá nílẹ̀. Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ rò ó wò: ṣé ọ̀wọ̀ ló wà nínú ìdọ̀bálẹ̀ mi ni, àbí ìbẹ̀rù ẹgba ìyá mi? Ó lè máa dọ̀bálẹ̀ lọ, ó sì lè jáwọ́. Èyí tó bá ṣe níbẹ̀, òun ló yàn án. Mọ́tò kan náà ló kúkú gbé àwọn méjèèjì lọ o.

Ọjọ́ márùn-ún ní Dubai kò lè ṣe ìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tó wá pàdé yín ní pápákọ̀ òfurufú ń sọ, owó yín ló ń wò, kò ní bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi ń ṣe báyìí. Ìgbádùn ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i.

Ẹnì kan á ní, Pierre Verger ńkọ́? Ọmọ Faransé ni, Paris ni wọ́n bí i sí ní 1902. Láti 1932 ló ti ń gbé kámẹ́rà kiri, ó dé Tahiti, ó dé Ṣáínà, ó dé Mẹ́síkò. Nígbà tó fi máa dé Salvador ní Brazil ní 1946, ó ti rí ayé ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Salvador ló wá fi ṣe ilé. Ó ń bá àwọn olórìṣà ibẹ̀ wọlé-wọ̀de, ó sì tọ ìtàn wọn padà dé Kétu, nílẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nífá ní 1953. Àwọn tó ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fẹ́ràn apá àkọ́kọ́ ìtàn náà. Àmọ́ Fátúmbí, orúkọ tó jẹ́ títí ó fi kú ní Salvador ní 1996, kì í ṣe ọwọ́ àwọn tó yà lọ́dọ̀ wọn ya fọ́tò ló ti gbà á; ọwọ́ àwọn tó jókòó tì ni.