'Run' kì í ṣe sáré nìkan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín gba àtúnṣe. Ẹ kọ ọ́ pé 'run' nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìtumọ̀ mìíràn ju "sáré" lọ, pé bẹ́ẹ̀ ni kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí àwọn olótùú ìwé atúmọ̀ èdè Oxford tún ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, ìtumọ̀ 645 ni wọ́n kà fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe.

Bí imú ọmọ bá ń 'run', ikun ló ń dà nímú rẹ̀. Ọmọ náà lè jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó ń 'run' ṣọ́ọ̀bù ń bójú tó o ni. Ẹni tó ń 'run' fún ipò gómìnà ń díje. Jẹnẹrétọ̀ tó ń 'run' kò kúrò lójú kan. Èyí tó ń dùn mí jù ni 'run out': ìrẹsì tán nílé, ọmọ á kọ ọ́ pé ìrẹsì sáré jáde!

Àwa náà ń jẹ iyán, à ń jẹ gbèsè, à ń jẹ oyè. Ṣé ẹnu la fi ń jẹ gbogbo wọn ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ kí àwọn ọmọ tó wọ ìdánwò.