Títẹ́ẹ́rẹ́ Kò Ní Kí Àrùn Ọkàn Má Múni

Ẹ dé Kàbà, ẹ dé Ìsánlú ní ilẹ̀ Okun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́: àwọn olówó tó sanra, tó ń jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ni àrùn ọkàn ń bá jà. Àgbẹ̀ tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè, kí ló kan òun pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru? Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ṣubú lójijì nínú oko, kò sẹ́ni tó ń béèrè nípa ọkàn rẹ̀. Wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wo ìyá àgbà tó kí i kẹ́yìn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ yìí ti burú jù: ó pa ẹnìkan, ó tún kó ìjà sáàárín àwọn tó kù.

Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ o. Sísanra ń dá kún ewu àrùn ọkàn, iṣẹ́ oko sì ń ran ara lọ́wọ́. Bí a bá jẹ iyán, ara á sọ ọ́ di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn iṣan tó ń ṣiṣẹ́ á sì gbà á lò. Ara á tọ́jú díẹ̀ nínú èyí tó ṣẹ́kù. Bí ibi ìtọ́jú bá kún, ẹ̀dọ̀ á sọ ìyókù di ọ̀rá.

Ibi tí ọ̀rá yìí ń gbà lọ ni kò yé wa. Ti àwọn kan ń lọ sábẹ́ awọ, gbogbo ayé á sì rí i. Ti àwọn mìíràn ń lọ sínú ẹ̀dọ̀ àti àyíká ìfun. Ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, apá tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó bọ́ ẹ̀wù, ẹ ó rí ikùn tó yọ síwájú. Irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ara lo ṣúgà bó ṣe yẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ á máa pọ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ á sì máa dí díẹ̀díẹ̀. Àwọn bàbá wa tó ti fi oko sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ń kọ mí lóminú jù. Ọkọ́ ti wà lájà, ọ̀kadà ló ń gbé wọn lọ sí ìpàdé, iyán wọn kò sì dín kù sí ti ìgbà ọ̀dọ́.

Ti iyọ̀ tún yàtọ̀: ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, kò sì bìkítà bóyá èèyàn sanra. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Ẹ wá ka màgí tí a jù sínú ìkòkò ẹ̀gúsí, ẹ ka iyọ̀ inú ẹja gbígbẹ, ẹ ka ti búrẹ́dì àárọ̀.

Bí ẹ bá ń wá ẹ̀rí pé oúnjẹ lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn rù, ó wà ní Amẹ́ríkà. Ní 1997 ni wọ́n gbé àbájáde ìwádìí tí wọ́n ń pè ní DASH jáde. Àgbàlagbà 459 ni wọ́n kó jọ, aláwọ̀ dúdú sì ju ìdajì wọn lọ. Àwọn olùwádìí fúnra wọn ló ń pèsè oúnjẹ. Apá kan ń jẹ ohun tí ará Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ, wọ́n fi èso àti ẹ̀fọ́ kún ti apá kejì, wọ́n sì fún apá kẹta ní èso, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹja àti wàrà tí ọ̀rá rẹ̀ kéré, wọ́n dín ẹran pupa àti ohun dídùn kù. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ìwádìí yìí ni pé wọ́n ń wọn gbogbo wọn, wọ́n sì ń tún oúnjẹ wọn ṣe kí ẹnikẹ́ni má baà rù tàbí kó sanra sí i. Iyọ̀ wọn náà dọ́gba. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru, nọ́ńbà òkè nínú méjì tí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń gbé jáde, ti apá kẹta fi nǹkan bíi 11 wálẹ̀ ju ti apá àkọ́kọ́ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ló ti hàn, àwọn aláwọ̀ dúdú ló sì jàǹfààní jù. Ẹni tó bá pàdé wọn lóde kò ní mọ ìyàtọ̀ kankan.

Irú oúnjẹ yẹn kò jìnnà sí ará Okun. Ẹ̀wà wà, ẹ̀fọ́ wà, ọsàn wà. Ti kájú tiẹ̀ ń dùn mí: a ó jẹ èso rẹ̀ lábẹ́ igi, a ó kó kóró rẹ̀ fún oníṣòwò, a ó wá fi owó rẹ̀ ra míníràà. Àwọn kan ní epo pupa kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ irú tó ń mú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Kò dé ibi kí a dà á nù. Kó má sáà léfòó lórí ọbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Nítorí náà, bí àwọn nọ́ọ̀sì bá gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n jáde lọ́jọ́ ọjà tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má jẹ́ kí bàbá pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn máa ti àwọn tó sanra síwájú. Kí òun náà na apá. Bó bá tó 140 lórí 90 lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn, bí wọ́n bá sì fún un lóògùn, jíjẹ ẹ̀fọ́ kò ní kó má lò ó.