Ẹ yé purọ́ mọ́ èdè abínibí

Níbi ìsọmọlórúkọ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún pe ọmọkùnrin kan tó ń fi Yorùbá kọrin sún mọ́ra. Wọ́n ní: "Ohùn ẹ dáa o. Ṣùgbọ́n tó o bá fẹ́ kí ayé gbọ́ ẹ, fi Yorùbá yìí sílẹ̀. Ta ló máa gbọ́ ohun tó ò ń sọ lókè òkun?" Gbogbo wa tá a wà nídìí tábìlì ló mi orí, àfi èmi. Mo gbé ìrẹsì ẹnu mi mì, mo dákẹ́, torí ibi tí wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ kọ́ ló yẹ kéèyàn ti máa bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe agbátẹrù olórin, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tó bí mi. Irọ́ ni.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná kan ní Genoa, ìlú èbúté ní àríwá Ítálì. Kò sí bí ẹ ṣe máa gbé Genoa tẹ́ ò ní gbọ́ orúkọ Fabrizio De André. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1940. Milan ló kú sí ní oṣù kìíní ọdún 1999. Ó lé ní ogún ọdún tó fi èdè Ítálì gidi kọrin, èyí tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà gbọ́. Mina, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin olórin tó lókìkí jù níbẹ̀, ti kọ orin rẹ̀ nígbà tí ọdún 1960 sí 1969 ń parí lọ, ìyẹn sì ti gbé orúkọ ọkùnrin náà dé ibi tí gìtá rẹ̀ nìkan kò lè gbé e dé. Olórin tó ti jókòó dáadáa ni.

Ní 1984 ló wá ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ìbá ní kó má dán wò. Òun àti Mauro Pagani, tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ olórin Premiata Forneria Marconi, gbé àwo kan jáde tí wọ́n pè ní Crêuza de mä. Pagani ló ṣe ohùn orin rẹ̀, De André ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Látòkèdélẹ̀, èdè Genoa ni. Ẹ má rò pé ó dà bí ìgbà tí ará Ìbàdàn bá ń gbọ́ ará Ìjẹ̀bú, tí yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀ tí yóò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ ronú kan ará Ìbàdàn láàárín àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ kíákíá, kẹ́ ẹ wá fi kún un. Ará Róòmù kì í gbọ́ èdè Genoa. Àwọn tó gbé àwo náà jáde mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Ítálì mọ́ ọn, kí ọmọ Ítálì lè mọ ohun tí ọmọ Ítálì ń kọ!

Kì í ṣe orin àwọn baba ńlá wọn ló kó jọ o, àṣìṣe mìíràn tí mo máa ń gbọ́ nìyẹn. Orin tuntun ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ti kọ́kọ́ rò ó pé kí àwọn dá èdè kan sílẹ̀, irú èyí tí àwọn atukọ̀ Òkun Mẹditaréníà ìbá máa bára wọn sọ, kí wọ́n tó rí i pé èdè Genoa ti ṣe iṣẹ́ yẹn tán láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Aláàárù èbúté ni wọ́n ń pè ní "camallo" níbẹ̀, láti inú èdè Lárúbáwá ló sì ti wọlé, bí alùbọ́sà ṣe gba ọ̀dọ̀ Haúsá wọ èdè tiwa. De André fẹ́ràn láti máa sọ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé ní 2,000. Ó ṣeé ṣe kó bù mọ́ ọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí Pagani gbé ohun èlò olókùn àwọn Lárúbáwá tí wọ́n ń pè ní oud, àti saz àwọn Tọ́kì, àti bouzouki àwọn Gíríìkì sábẹ́ èdè yẹn, kò sí ẹni tó mọ ibi tí ìlú kan parí sí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀.

Kí ló ń kọ nípa rẹ̀ gan-an? Ọ̀rọ̀ ilé ni. Crêuza yẹn fúnra rẹ̀, ọ̀nà tóóró ni, èyí tó gba àárín ògiri méjì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí òkun. Mo máa ń gba irú rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Orin kan wà tó dá lé ọmọ ìdílé Cicala ti Genoa tí wọ́n mú lójú omi, tó sì padà di ọ̀gá àgbà àwọn ọkọ̀ ogun Sọ́látánì ilẹ̀ Tọ́kì. Orin kan wà tí wọ́n pè ní 'Â pittima. Láyé àtijọ́ ní Genoa, tẹ́ ẹ bá jẹ gbèsè tẹ́ ò san, ẹni tẹ́ ẹ jẹ ní gbèsè á háyà ọkùnrin kan tí yóò máa tẹ̀ lé yín káàkiri ìgboro, tí yóò máa bèèrè owó náà ní gbangba títí ojú á fi tì yín. Ológò nìyẹn! Mo rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Sidún kì í ṣe orin ẹ̀rín ní tirẹ̀. Ìlú Sídónì ní Lẹ́bánónì ni, nínú ogun 1982, bàbá kan ló ń sunkún lé ọmọ rẹ̀ tó kú lórí. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, síbẹ̀ mo pa omi tí mo fi ń fọ ìkòkò.

Ọ̀gá wa ní ilé ìdáná, ará Sísílì ni, ìsàlẹ̀ pátápátá ní gúúsù. Ó mọ orin àkọ́kọ́ inú àwo yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó máa ń kọ ọ́ tó bá ń gé ẹja. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ ibì kan báyìí. Ó dúró, ó wo òkè, ó ní, "Mi ò mọ̀. Àfi kí n lọ wò ó." Ó tún ń bá orin rẹ̀ lọ. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń kọ ọ́!

Lọ́dún tí àwo náà jáde, wọ́n fún un ní Tenco, àmì ẹ̀yẹ orin kan ní Ítálì, gẹ́gẹ́ bí àwo tó dára jù lọ́dún náà. Ní 2004, ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Pagani tún gbogbo rẹ̀ kọ látìbẹ̀rẹ̀, De André sì ti kú nígbà náà. De André alára kò sì padà lẹ́yìn èdè àdúgbò: nínú àwo rẹ̀ ti 1990, èdè Genoa wà níbẹ̀, ti ìlú Napoli wà níbẹ̀, ti Gallura ní erékùṣù Sardinia náà wà níbẹ̀. Nínú èyí tó ṣe kẹ́yìn, ní 1996, ó fi èdè àwọn Roma parí orin kan, ẹ̀yà kan ní Yúróòpù ni wọ́n, kì í ṣe ará Róòmù. Ẹni tí ọjà bá kú mọ́ lórí kì í tún ru irú ọjà bẹ́ẹ̀ padà lọ sọ́jà.

Àwọn kan á ní Pino Daniele ti fi èdè Napoli kọrin ṣáájú rẹ̀, ó sì tà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ayé ti ń gbọ́ orin Napoli. Ta ló ń gbọ́ ti Genoa? Ìdí tí mo fi mú De André nìyẹn.

Wọ́n á tún ní àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọrin ló ń lówó. Àìmọye ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọrin tí wọn ò rówó ọkọ̀, ẹ kì í ka ìyẹn. Tí Ítálì bá sì jìnnà jù, èdè wo ni Sunny Ade fi kọrin nígbà tí ilé iṣẹ́ Island Records gbé àwo rẹ̀ jáde fáwọn òyìnbó ní 1982?

Ó dáa, mo gbà pé De André ti lórúkọ kó tó dán èyí wò, ọmọkùnrin ọjọ́ yẹn kò sì tíì ní. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi Crêuza de mä ránṣẹ́ sí ọmọ náà lórí WhatsApp. Ẹ̀gbọ́n ni mo fi 'Â pittima ránṣẹ́ sí, mo sì ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa. Owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ mi láti ọdún ìjẹta ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti gbọ́ ọ, mo rí àmì aláwọ̀ búlúù méjèèjì. Wọn ò tíì fèsì.