A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀rọ̀ Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Àbújá

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ilẹ̀ mì ní Mpape ní Àbújá, àwọn ará Maitama tó wà nítòsí náà sì mọ̀ ọ́n lára. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé dìde ka bọ́ọ̀hóòlù tó ti pọ̀ jù mọ́ ohun tó lè fà á. Síbẹ̀ à ń gbẹ́ ẹ lọ, nítorí omi ẹ̀rọ tó ń ti dáàmù Lower Usuma wá kò dé ọ̀pọ̀ ilé wa ní Kubwa, Lugbe àti Nyanya.

Àpáta ni ilẹ̀ Àbújá. Omi ibẹ̀ kò tẹ́ lọ salalu bíi ti inú iyanrìn agbègbè adágún Chad. Inú àpáta tó ti jẹrà àti pàlàpálá òkúta ló sá sí. Ìdí nìyí tí onílé kan fi lè gbẹ́ tirẹ̀ kó bá omi, kí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó bá eruku.

Ta ló mọ ibi tí omi kò sí? Àwọn tó ń gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù ni, ẹni tó gbẹ́ ihò òfo kì í sì í kéde rẹ̀. Mẹ́rúwà tó ń fi ọmọlanke ta omi kiri mọ oṣù tí omi máa ń fà sẹ́yìn. Àgbà Gbagyi, ẹ̀yà tó ti wà nílẹ̀ Àbújá tipẹ́, mọ ìsun tó ti gbẹ.

Àwọn onímọ̀ omi máa ń kó bí òjò ṣe rọ̀ tó, irú àpáta tó wà níbẹ̀ àti iye omi tí à ń fà sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè mọ bí omi abẹ́ ilẹ̀ yóò ṣe rí lọ́dún mẹ́wàá sí i. Kí wọ́n gbé ìṣirò náà wá síwájú ará ìlú nígbà tó ṣì wà ní tútù. Kí onílé, awakọ̀ táńkà omi àti àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ jọ béèrè pé: bí àdúgbò Gwarinpa bá ń fa omi báyìí fún ẹ̀ẹ̀rùn márùn-ún, kànga ta ni yóò kọ́kọ́ gbẹ? Bí ẹnì kan bá ní iye tí wọ́n kọ fún àdúgbò òun kò tọ̀nà, kí wọ́n yí i padà lójú gbogbo wa, ká jọ wo ohun tó yí padà.

Yóò gba oṣù púpọ̀, òótọ́ ni. Àbá òfin omi tó dá awuyewuye sílẹ̀ lọ́dún 2020 gba ọdún, kò sì di òfin títí ìjọba tó gbé e wá fi kógbá sílé, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wọ́n fẹ́ gba odò mọ́ àwọn lọ́wọ́ ni.

Kí ìjọba FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Kí ìpàdé àkọ́kọ́ má ṣe wáyé ní hòtẹ́ẹ̀lì àárín ìlú. Mpape ni kí wọ́n ti ṣe é, lédè Gbagyi, Hausa àti Yorùbá, ní wákàtí tí kò ní gba owó òòjọ́ lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Kí wọ́n sì fọkàn ẹni tó bá mú àkọsílẹ̀ ihò òfo wá balẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní fìyà jẹ ẹ́ lórí rẹ̀.